Bí Màmá Bá Lọ sí Ìlú Ọba, Ẹ Mú Wọn Dé Canterbury



Ní Ṣáṣá níbi tí mo ń gbé, ènìyàn kì í rìn jìnnà kí ó tó kan ilé tí ọmọ kan ti re Ìlú Ọba. Àwọn kan lọ kàwé, àwọn kan ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àwọn mìíràn ń tọ́jú arúgbó. Bí ìyàwó bá ti bímọ lọ́hùn-ún, ọ̀rọ̀ di ti físà Màmá. Màmá yóò fi ìsọ̀ tòmátò àti ata lé àbúrò wọn lọ́wọ́, wọn yóò di ẹ̀gúsí, èlùbọ́ àti irú gbígbẹ sínú àpótí, ó di pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Oṣù mẹ́fà ni físà àbẹ̀wò sábà máa ń fún wọn lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí wọ́n bá padà dé, àwọn ará ọjà yóò yí wọn ká: “Ìyá, ẹ kú àbọ̀ o. Kí lẹ rí lọ́hùn-ún?” Ìdáhùn tí mo ti gbọ́ lẹ́nu ìyá tó ju ẹyọ kan lọ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra: “Mo rí òtútù, mo rí ọmọ-ọmọ mi, mo sì rí ilé ìtajà tó tóbi ju ọjà wa lọ.” Ó parí.

N kò bá ọmọ tó gbé ìyá rẹ̀ lọ wí. Owó ilé, owó iná àti iṣẹ́ òru kì í jẹ́ kí ènìyàn ráyè gbafẹ́. Bàbá ọmọ jáde láàárọ̀, ìyá ọmọ jáde lálẹ́, Màmá ń wẹ ọmọ, wọ́n ń se oúnjẹ, wọ́n sì ń wo òpópónà láti ojú fèrèsé. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ ni ọkàn mi wà. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n bí sí Leeds tàbí Manchester mọ Màmá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń se oúnjẹ, tó sì ń sọ èdè tí òun kò gbọ́ tán. Kò mọ̀ wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ìmọ̀ tí olùkọ́ òun kò ní. Oṣù mẹ́fà sì ń lọ, físà mìíràn lè má tètè jáde, ọjọ́ orí kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mo fẹ́ dá lábàá lọ́sẹ̀ yìí ni pé kí ẹ mú Màmá àti àwọn ọmọ jáde lọ wo àwọn ìlú àtijọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kì í ṣe gbogbo wọn. Àwọn kan wà nínú wọn tí ìtàn Yorùbá gba ibẹ̀ kọjá, tí ó sì fi ojúlé sílẹ̀. Ìdajì ìtàn náà ni òkúta àti gíláàsì ibẹ̀ lè sọ. Ìdajì kejì wà lẹ́nu Màmá.

Canterbury: Àjàyí ọmọ Òṣoògùn

Ìlú Canterbury wà ní ẹkùn Kent, ní gúúsù ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà tí Augustine ti dé ibẹ̀ ní ọdún 597 ni ibẹ̀ ti jẹ́ orírun ìjọ Kristẹni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1170, wọ́n pa Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Thomas Becket sínú kàtídírà náà, láti ìgbà náà ni àwọn arìnrìn-àjò ti ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Apá kan odi ìlú ṣì dúró títí di òní. Ẹni tó bá mọ bí odi ìlú ti ṣe pàtàkì tó nílẹ̀ Yorùbá látijọ́ yóò lóye rẹ̀ kíá.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó kàn wá jù nínú ìtàn kàtídírà yìí ni ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi Samuel Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù níbẹ̀, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò dé ipò náà nínú ìjọ Áńgílíkà. Ọ̀gágun ojú omi kan, Henry Leeke, wà láàárín èrò lọ́jọ́ náà. Òun ni olórí ọkọ̀ ogun Myrmidon tó gba ọkọ̀ akẹ́rú kan mú ní ọdún 1822, tí ó sì tú àwọn ẹrú inú rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọdékùnrin kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Àjàyí.

Òṣoògùn ni wọ́n ti kó Àjàyí lẹ́rú ní ọdún 1821. Ẹ̀yin ará Ṣáṣá, Òṣoògùn kò jìnnà sí wa. Bí ẹ bá gba Mọ́níyà, tí ẹ bọ́ sí ọ̀nà Ìsẹ́yìn tí wọ́n tún ṣe láìpẹ́ yìí, apá ibẹ̀ ni ẹ dojú kọ yẹn. Ọ̀nà tó parí sí Canterbury bẹ̀rẹ̀ nítòsí ilé wa.

Ibí yìí ni iṣẹ́ Màmá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú ọmọ náà dúró nínú kàtídírà, kí ẹ bi í pé kí ni ìtumọ̀ Àjàyí. Kò ní mọ̀. Crowther jẹ́ orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan tí wọ́n fi sọ ọ́ nígbà tó ṣe ìrìbọmi ní ọdún 1825; ìyẹn wà nínú ìwé, ẹnikẹ́ni lè kà á. Àjàyí ni ti ilé. Orúkọ àmútọ̀runwá ni, ti ọmọ tó dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Màmá mọ̀ ọ́n. Bóyá Màmá tilẹ̀ mọ oríkì Àjàyí, nítorí kò sí agbo ilé Yorùbá tí Àjàyí kò sí. Kí wọ́n kì í fún ọmọ náà níbẹ̀, ní ohùn jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ náà ni ọmọ yóò rí i pé ohun kan wà tí ìyá àgbà òun mọ̀ tí kò sí lára ògiri náà, bó ti wù kí ògiri náà pẹ́ tó.

Kí wọ́n tún sọ ti Àfàlà, ìyá Àjàyí. Nígbà tí wọ́n kó wọn lẹ́rú, wọ́n ya ìyá àti ọmọ nípá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni ọmọ kò fi gbúròó ìyá. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tún fojú kan ara wọn ní ọdún 1846, ọmọ ti di àlùfáà, ìyá ti di arúgbó. Ìyá tó ti fi ọmọ sínú ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ilẹ̀ tí kò mọ̀ rí yóò mọ bí yóò ti sọ ìtàn yìí ju olùkọ̀wé èyíkéyìí lọ.

Ẹ má sì gé ìtàn náà kúrú síbi ayọ̀. Nígbà ogbó Crowther, àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ kan nínú iṣẹ́ míṣọ́nnárì gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ní agbègbè odò Ọya. Ó kú sí Èkó ní ọjọ́ ìkẹyìn ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n sì fi rọ́pò rẹ̀. Ní ọdún 2014, nígbà tí ó pé àádọ́jọ ọdún tí wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù, ìjọ náà ṣe ìsìn ìdúpẹ́ àti ìrònúpìwàdà ní Canterbury, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Justin Welby sì tọrọ àforíjì fún ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí. Ó yẹ kí ọmọ gbọ́ apá méjèèjì.

Ẹnìkan lè béèrè pé: bí Màmá bá jẹ́ Mùsùlùmí ńkọ́? Ní Ṣáṣá wa yìí, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì ń kọjú síra, ìbéèrè náà sì tọ́. Ìdáhùn mi ni pé ìtàn ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo. Ní ọdún 1843 ni ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe jáde. Gbogbo wa tó ń fi ọ̀rọ̀ Yorùbá ránṣẹ́ lórí fóònù lónìí ló jẹ nínú iṣẹ́ àwọn tó kọ́kọ́ gbé èdè wa sórí ìwé, yálà a ń kí “Àlàáfíà fún yín” tàbí “Olúwa yóò ṣọ́ wa.”

Windsor àti Brighton: ọmọ tí orúkọ rẹ̀ di orúkọ ọkọ̀ ojú omi

Láti Lọ́ńdọ̀nù, Windsor kò gba wákàtí kan. Ààfin ọba tó wà níbẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún dín ní ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ. Owó ìwọlé rẹ̀ ga díẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn lè rìn yí ìlú ká kí ó sì wo odi ààfin láti ìta lọ́fẹ̀ẹ́. Inú ààfin yìí ni Crowther ti bá Ọbabìnrin Victoria àti ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851 nípa òwò ẹrú ní Èkó, tí ó sì ka Àdúrà Olúwa fún Ọbabìnrin ní èdè Yorùbá. Ọdún kan ṣáájú rẹ̀, ọmọdébìnrin Yorùbá kan ti kọ́kọ́ wọ ibẹ̀.

Òkè-Ọ̀dàn ní ilẹ̀ Yewa ni ọmọ náà ti wá. Àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó ìlú náà ní ọdún 1848, wọ́n pa òbí rẹ̀, wọ́n sì mú un lọ sí ààfin Ọba Gezo. Ní ọdún 1850, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, Frederick Forbes, gba ọmọ náà lọ́wọ́ Gezo, ó sì gbé e lọ fún Ọbabìnrin gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Ọkọ̀ tó gbé e lọ ń jẹ́ Bonetta. Ohun tí wọ́n fi sọ ọmọ náà ni Sarah Forbes Bonetta: orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, àti orúkọ ọkọ̀.

Orúkọ tí a fi mọ̀ ọ́n nílé ni Àìná. Ẹ bi Màmá kí ni Àìná. Wọn yóò sọ fún yín láì ronú pé ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ni, pé Òjó ni wọ́n ń pe ọkùnrin tó bá wá bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó kọjá òkun tó sì di ará ààfin tún fi Ina sínú orúkọ rẹ̀ nígbà tó ń ṣe ìgbéyàwó. Kò gbàgbé.

Ìgbéyàwó náà wáyé ní Brighton, ìlú etí òkun ní gúúsù, nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1862. Ọkọ rẹ̀ ni James Labulo Davies, oníṣòwò tí wọ́n bí sí Sierra Leone, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣì wà lórí òkè rẹ̀. Bí ẹ bá kúrò níbẹ̀, ẹ lè rìn lọ wo ààfin ìgbafẹ́ Ọba George Kẹrin tí orí rẹ̀ rí rogodo bí ti àwọn ilé Íńdíà, kí ẹ tó lọ jókòó létí òkun. Àwọn ọmọ yóò gbádùn ibẹ̀ ju gbogbo ọ̀rọ̀ wa lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbádùn rẹ̀.

Kí ẹ tó lọ, ẹ sọ èyí fún Màmá: Davies yìí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dá oko kòkó ní ilẹ̀ wa, ní Ìjọn, nítòsí Agége. Ìyá tí bàbá rẹ̀ dá oko kòkó ní abúlé ìtòsí Ìbàdàn yóò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti bá àwọn ọmọ sọ lórí ìyẹn. Wọn yóò sọ bí wọ́n ti ń fọ́ kòkó, bí wọ́n ti ń bò ó mọ́lẹ̀ lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí wọ́n ti ń sá a. Ṣokoléètì tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà yóò sì di nǹkan mìíràn.

Liverpool: Ìyá Òyìnbó Kúdẹtì

Liverpool jìnnà ju àwọn tó kù lọ fún ará Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé Manchester lè lọ kó sì bọ̀ láàárín ọjọ́ kan. Kò sí èbúté Gẹ̀ẹ́sì tí ọkọ̀ akẹ́rú ti jáde tó bẹ́ẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún kejìdínlógún, kí òfin tó fòpin sí òwò náà ní 1807. Ní àwọn ọdún 1950 sí 1960 ẹ̀wẹ̀, èbúté yìí kan náà ni ọkọ̀ ojú omi Aureol máa ń gúnlẹ̀ sí láti Èkó, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń bọ́ sílẹ̀ tàwọn ti kóòtù tí wọ́n rà fún òtútù. Èbúté kan, ìrìn-àjò méjì. Ẹ dúró níbẹ̀, kí ẹ sọ méjèèjì.

Lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí kàtídírà ńlá ti Áńgílíkà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ọ ní 1904, wọn kò parí rẹ̀ títí di 1978. Owó kò sí fún ìwọlé. Ẹ béèrè Lady Chapel. Lẹ́bàá àtẹ̀gùn rẹ̀ ni àwọn fèrèsé gíláàsì aláràbarà wà, tí wọ́n ya àwòrán àwọn obìnrin akíkanjú sí. Ẹ wá Anna Hinderer.

Ará Ìbàdàn kì í wá obìnrin yìí pẹ́. Òun àti ọkọ rẹ̀, David, dé Ìbàdàn ní ọdún 1853, wọ́n sì tẹ̀dó sí Kúdẹtì, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì St David's wà títí di òní. Ó kó àwọn ọmọ jọ, ó ń kọ́ wọn ní ìwé. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà Abẹ́òkúta dí, owó àti oúnjẹ kò sì wọlé mọ́. Ebi pa wọ́n pẹ̀lú àwọn ọmọ náà. Ìjàyè Orílé tí wọ́n ja ogun náà lé lórí wà nínú ìjọba ìbílẹ̀ Akinyẹlé wa yìí. A ń gun ọkọ̀ kọjá ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Ohun tí gíláàsì Liverpool fi hàn ni obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó lọ sí Áfíríkà. Ohun tí kò lè fi hàn ni Ìbàdàn fúnra rẹ̀: ta ni Kúrunmí, kí ló dé tí Ìbàdàn àti Ìjàyè fi jà, ta ni àwọn ọmọ tó jókòó yí obìnrin náà ká, kí sì ni àwọn ìyá wọn rò. Bí Màmá bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, tàbí ọmọ àwọn tí ogun Ìjàyè tú ká, ọ̀rọ̀ ilé wọn ni.

Owó, orúnkún àti òtútù

Mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan ti ń ṣírò owó. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣírò rẹ̀.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin tí ẹ rà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò sábà máa ń wọ́n dín ju èyí tí ẹ rà lọ́jọ́ náà lọ. Káàdì ọkọ̀ ojú irin wà fún ẹni tó bá ti pé ọmọ 60 ọdún, tó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó náà kúrò. Ìwé ìrìnnà Màmá tó láti fi ọjọ́ orí hàn, kò di dandan kí wọ́n jẹ́ ará ibẹ̀. Káàdì ti ẹbí wà pẹ̀lú, tó ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta fún àgbà, tó sì ń yọ ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọmọdé. Bọ́ọ̀sì ọ̀nà jíjìn sábà máa ń rọjú ju ọkọ̀ ojú irin lọ, ṣùgbọ́n ó ń pẹ́ lọ́nà. Láti ibùdó St Pancras ní Lọ́ńdọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin ayára dé Canterbury ní nǹkan bíi wákàtí kan. Màmá tó ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti Mọ́níyà lọ sí Èkó kò ní bẹ̀rù rẹ̀.

Kàtídírà Canterbury ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó wá wòran, ṣùgbọ́n wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá wá jọ́sìn. Orin ìrọ̀lẹ́ wọn kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń gbàgbé.

Ní ti orúnkún, ẹ má ṣe ju ìlú kan lọ lóòjọ́. Òkúta ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ òpópónà àwọn ìlú àtijọ́ yìí, kò sì rọrùn fún ẹsẹ̀ àgbà. Ẹ wọ bàtà tó balẹ̀. Ẹ fi fóònù béèrè ṣáájú bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí kì í ṣe àtẹ̀gùn. Ní ti òtútù, láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹsàn-án ni kí ẹ jáde. Nínú oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti ń ṣú ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ rọ jọ̀lọ́ọ̀fù sínú fúláàsì. Kò sí òfin tó ní kí ènìyàn má jókòó sórí koríko jẹun.

Kí Màmá tó kúrò ní Ṣáṣá

Ohun kan ṣoṣo ló kù tí mo fẹ́ bẹ̀ yín. Kí ọjọ́ ìrìn-àjò tó pé, ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ gbé Màmá lọ sí Kúdẹtì, kí wọ́n fojú ara wọn rí ilẹ̀ tí Anna Hinderer gbé. Bí ààyè bá wà, ẹ gba Mọ́níyà lọ sí apá Ìsẹ́yìn. Ẹ ya fọ́tò, kí ẹ bu yẹ̀pẹ̀ sínú àwòrán náà, kí òkè àti igi hàn níbẹ̀. Nígbà tí Màmá bá dúró pẹ̀lú ọmọ-ọmọ wọn ní Canterbury, kí wọ́n mú fóònù jáde, kí wọ́n sọ pé: “Ibí ni wọ́n ti mú un. Mo dé ibẹ̀.”

Ẹ̀yin tí ẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ ká ohùn wọn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti orúkọ, àti oríkì, àti ìtàn oko kòkó. Ẹ má ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Kí ọmọ gbọ́ èyí tó bá gbọ́ báyìí. Ohùn náà yóò wà nílẹ̀ fún un nígbà tó bá dàgbà tó láti béèrè ìyókù.

Bí àwọn ará ọjà Ṣáṣá bá sì wá béèrè lọ́wọ́ Màmá pé kí ni wọ́n rí lọ́hùn-ún, ìdáhùn wọn yóò gùn. Ẹ fi àga fún wọn.